Ewé, Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ìwé Àyẹ̀wò: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Ẹlẹ́wé Ọmọ ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin olóyè tí ẹ wà lórí ìjókòó, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ìyá wa ẹlẹ́wé ọmọ àti lẹ́kùlẹ́jà tí ẹ ti Ọjà Ọba, Ìsìkàn àti ọjà NEPA wá, ẹ̀yin bàbá oníṣègùn, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi apòògùn àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ lápapọ̀, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Mo júbà àgbà kí n tó la ẹnu mi, nítorí pé ọwọ́ yín ni a ti bá ìmọ̀ ewé; àwa tí a kà á nínú ìwé, ẹ̀yìn yín ni a tò sí.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ewé àti egbò tí ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Mo gbà láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe retí pé n ó ka orúkọ ewé ogún fún yín kí n sì jókòó. Orúkọ ewé kò ṣàjèjì sí yín. Ohun tí mo wá bá yín sọ ni bí a ṣe ń mọ̀ pé ewé kan ṣiṣẹ́ lórí àìsàn tí kò ní àmì, nítorí pé níbẹ̀ ni ọjà ti ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀rá wo là ń wí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe májèlé. Òun ni ara fi ń mọ awọ tó bo gbogbo hóró ara wa, òun ni ara fi ń ṣe àwọn èròjà tí ń mú ọkùnrin dàgbà di ọkùnrin, tí ń mú obìnrin dàgbà di obìnrin, òun náà sì ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro tí a fi ń da ọ̀rá oúnjẹ. Ara wa fúnra rẹ̀, ẹ̀dọ̀ pàápàá, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò dúró de ohun tí a bá jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò fẹnu kan ẹyin fún ọdún kan fi lè ní i ní àníjù, pàápàá bí ó bá jẹ́ ohun tó ń rìn nínú ìdílé wọn.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ó ń gbà rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí àwọn dókítà ń pè ní LDL ń gbé e láti ẹ̀dọ̀ lọ sí ara; bí ó bá pọ̀ jù, a wọ inú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, a sì máa kó jọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí tí wọ́n ń pè ní HDL ń kó àjẹkù padà sí ẹ̀dọ̀. Ẹnì kẹta wọn ni tíráíglísẹ́ráìdì, ọ̀rá tí ara ń fi pamọ́ nígbà tí oúnjẹ bá ju iṣẹ́ lọ. Èyí yìí gan-an ni ti àwa olóúnjẹ líle, nítorí pé iyán, ẹ̀bà, ṣúgà àti ọtí ló ń gbé e ga ju ẹran lọ. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ gbọ́ ti iyán. Ẹ fara dà á fún mi díẹ̀.

Ní ọdún 1913 ni Nikolai Anitschkow fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bọ́ àwọn ehoro ní ìlú St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, tí òpó ẹ̀jẹ̀ wọn sì kún fún ọ̀rá bí ti àgbàlagbà tí àrùn ọkàn mú. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn rẹ̀ kí ayé tó gbà pé bí a bá mú un wálẹ̀ lára ènìyàn, ẹ̀mí yóò gùn sí i. Ọdún 1994 ni èsì iṣẹ́ kan jáde láti àwọn orílẹ̀-èdè àríwá Yúróòpù lórí àwọn aláìsàn ọkàn 4,444, àwọn kan ń lo simvastatin, oògùn kan tí ń mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wálẹ̀, àwọn yòókù ń lo oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Ikú fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàrin àwọn tó lo oògùn gidi. Láti ọjọ́ náà, àríyànjiyàn tán.

Ta ni ó ń dùn?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ibà bá ṣe ọmọ, ta ni kò mọ̀? Ara á gbóná, ẹnu á korò, orí á máa fọ́. Ẹ ó bá a se àgbo, ọmọ á mu, á làágùn, bí ó bá di ọjọ́ kẹta tó ń béèrè oúnjẹ, ẹ mọ̀ pé àgbo jẹ́. Bí jẹ̀díjẹ̀dí ni, onítọ̀hún á sọ fún yín fúnra rẹ̀ pé òun ti lè jókòó dáadáa. Ara aláìsàn ló ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ oníṣègùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ó dáa. Ta ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ń dùn? Ta ni ó ti wá bá yín rí pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ń ta òun ní ìhà ọ̀tún? Kò sí. Kò ń ta ni, kò ń yún ni, kì í gbóná, kì í tutù. Àwọn díẹ̀ a máa ní kókó pupa rúsúrúsú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kì í rí àmì kankan títí àyà yóò fi dì wọ́n mú lójijì, tàbí tí ẹnu yóò fi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò ní gbé mọ́, tí a ó máa pe orúkọ rọpárọsẹ̀.

Bí àìsàn kò bá ní àmì nígbà tó ń pọ̀ sí i, kò lè ní àmì nígbà tó ń lọ. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà bá padà wá tó ní, "Màámi, ara mi fúyẹ́ lẹ́yìn tí mo mu ìgò yẹn," òótọ́ ló sọ nípa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohunkóhun nípa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó yàgbẹ́ dáadáa. Ó lè jẹ́ pé ó sùn dáadáa. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ní, ẹlẹ́rìí náà sì ni ìwé àyẹ̀wò láti láàbù.

Ìwé náà gan-an ń fẹ́ kíkà. Màmá kan tí ń ta aṣọ gbé ìwé méjì wá bá mi. Èyí àkọ́kọ́ ní 6.4. Wọ́n lo ewé fún oṣù mélòó kan, wọ́n lọ sí láàbù mìíràn, ìwé kejì ní 232. Ìgbe ni wọ́n gbé wọ ṣọ́ọ̀bù mi pé ẹlẹ́wé fẹ́ pa àwọn, pé nǹkan tó wà ní mẹ́fà ti di igba ó lé! Mo ní kí wọ́n jókòó, mo fún wọn ní omi, mo sì fi ìka tọ́ka sí àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Láàbù kìíní lo òṣùwọ̀n mmol/L, èkejì lo mg/dL. Bí a bá sọ 6.4 yẹn di òṣùwọ̀n kejì, nǹkan bí 247 ni. Kò lọ sókè rárá. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹlẹ́wé tí wọ́n fẹ́ lọ bá jà kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo rẹ̀.

Ẹ fi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sọ́kàn, ní òṣùwọ̀n mg/dL. Àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ó dára kó má tó 200. Ìyẹn nǹkan bí 5.2 ní òṣùwọ̀n kejì. LDL, ó dára kó má tó 100. Tíráíglísẹ́ráìdì, kó má tó 150. HDL nìkan ni a fẹ́ kó ga: kó ju 40 lọ fún ọkùnrin, kó ju 50 lọ fún obìnrin. Tíráíglísẹ́ráìdì máa ń fò sókè lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí náà bí láàbù bá ní kí ènìyàn má jẹun láti alẹ́, kí ó má ṣe jí mu tíì oníṣúgà kó tó jáde nílé.

Kí ni ewé ń ṣe?

Wàyí o, a dé orí ewé. Ẹ jẹ́ ká mú ewúro, nítorí pé kò sí ilé tí kò ti sí. Nígbà tí ẹ bá da ewúro sínú abọ́, tí ẹ bu iyọ̀ lé e, tí ẹ sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, omi rẹ̀ á dúdú, ìfófòó á sì ga lórí rẹ̀ bí ẹni pé ẹ fi ọṣẹ sí i. Èròjà tó ń fò lójú omi yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sàpónínì, ó sì wà lára ohun tó ń mú ewúro korò. Òun gan-an wà lára èròjà tí a rò pé ó ń mú ọ̀rá wálẹ̀. Ẹ wá wò ó: ìyàwó ilé tó ní òun ń se ewúro nítorí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bàbá, á bọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á fún un títí kò fi ní korò mọ́, á wá da ìfófòó nù sí ẹ̀yìnkùlé. Adìyẹ ẹ̀yìnkùlé ló mu oògùn bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní kí ẹ mu omi ewúro kíkan ní ife ńlá o, nítorí pé sàpónínì tó bá pọ̀ jù a máa bá ikùn jà. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó ní òun ń jẹ nǹkan, kó rí i dájú pé nǹkan náà ṣì wà nínú ọbẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ rántí òróòro tí mo mẹ́nu bà. Ẹ̀dọ̀ ń fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ṣe é, a tú u sínú ìfun lẹ́yìn oúnjẹ, ìfun a sì fa èyí tó pọ̀ jù padà kí ẹ̀dọ̀ lè tún un lò. Bí sàpónínì tàbí ohun yíyọ̀ inú ilá, ewédú, ẹ̀wà àti ọ́ọ̀tì (oats) bá wà nínú ìfun, a dì mọ́ òróòro, wọ́n a sì jọ bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ tí òróòro rẹ̀ kò padà gbọ́dọ̀ ṣe tuntun, inú ẹ̀jẹ̀ ni yóò sì ti fa LDL wọlé láti fi ṣe é. Àwọn ẹnu ọ̀nà tí LDL ń gbà wọ inú ẹ̀dọ̀ yìí ni Michael Brown àti Joseph Goldstein ṣàwárí, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985.

Ẹ rí i pé inú ìfun ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé, nígbà tí oúnjẹ wà níbẹ̀. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ilá àti ẹ̀wà tí a jẹ mọ́ oúnjẹ lójoojúmọ́ ní agbára ju ìgò tí a ń gbé mu ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé lọ. Ti ọ́ọ̀tì, wọ́n ti wọ̀n ọ́n: gíráàmù 3 èròjà yíyọ̀ inú rẹ̀ lójúmọ́ tó láti mú LDL wálẹ̀ díẹ̀, láti ọdún 1997 sì ni àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti gbà kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Àwọn èròjà kan tún wà nínú èso, ẹ̀pà àti òróró tí wọ́n ń pè ní steroli ewéko. Wọ́n jọ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù débi pé wọ́n ń du ẹnu ọ̀nà ìfun mọ́ ọn lọ́wọ́. Gíráàmù 2 wọn lójúmọ́ lè dín LDL kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n oúnjẹ lásán kì í fún ènìyàn ní iye yẹn, àfi èyí tí iléeṣẹ́ bá fi kún un.

Ẹ má bínú, ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn tó ń kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì òróró pé kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Kò sí òróró ewéko kan tó ní in tó ohun à ń sọ. Epo pupa náà kò ní in. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá tó ń dì, ọ̀rá irú èyí sì ń mú kí LDL pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí a bá lò ó ní ìlòkulò. Ẹni tó ń fi epo yí ìṣasùn kun, tó wá ń mu àgbo ọ̀rá ní alẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi ọwọ́ kejì wó o.

Eku, adìyẹ àti ènìyàn

Ààyù ńkọ́? Orógbó ńkọ́? Yánrin, màrúgbò, ìṣápá ńkọ́? Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń dárúkọ wọn níwájú níbí. Ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà nílé wa níbí ní Àkúrẹ́, àwọn onímọ̀ báyọ́kẹ́mísírì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lórí ewé, èso àti èpò wa, iṣẹ́ gidi sì ni. Èròjà kan wà nínú orógbó tí wọ́n sọ ní kolaviron, ó ti mú ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lára eku. Ewúro ti ṣe é lára eku. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn, nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rá pàápàá. Orí HDL ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù eku ń gùn jù, nígbà tí ti ènìyàn ń gun LDL. Ó ṣòro gan-an láti mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ eku dí.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan tó dùn mọ́ mi nínú. Ní Jàpáànù, Akira Endo, ọmọ àgbẹ̀, rò ó pé bóyá àwọn èbu tí ń hù lára nǹkan ní ohun tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù dúró. Láti ọdún 1971, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ yẹ èbu bí 6,000 wò, wọ́n sì rí èyí tí wọ́n ń wá lára èbu aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n bá lára ìrẹsì. Wọ́n fún eku. Kò ṣe nǹkan kan! Ó kù díẹ̀ kí iléeṣẹ́ náà jù ú sí kòtò. Ìgbà náà ni wọ́n ro ti adìyẹ tó ń yé ẹyin, nítorí pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù pọ̀ nínú ẹyin rẹ̀, wọ́n fún adìyẹ, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ adìyẹ sì já wálẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn oògùn tí à ń pè ní statin ti jáde; lovastatin ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1987. Lovastatin yìí kan náà wà nínú ìrẹsì pupa tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi èbu ṣe láti ayébáyé. Bí eku ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa oògùn tó jẹ́ mọ́ wa lójú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè gbé ewé tí kò jẹ́ ga fún wa.

Ti ààyù, ènìyàn ni wọ́n fi dán an wò. Ní yunifásítì Stanford, àgbàlagbà 192 ni wọ́n pín sí ọ̀nà, àwọn kan jẹ ààyù tútù, àwọn kan gbé oríṣi oníkóró méjì mì, àwọn kan gbé èyí tí kò ní nǹkan nínú, fún oṣù mẹ́fà. Èsì jáde ní ọdún 2007: kò sí ìyípadà gidi kan nínú LDL láàrin ọ̀wọ́ kankan nínú wọn. Àwọn iṣẹ́ mìíràn ti rí ìdínkù, ṣùgbọ́n ìdínkù kékeré. Èmi ṣì ń jẹ ààyù. N kò kàn ní tà á fún ẹni tí LDL rẹ̀ jẹ́ 190 pé kó fi rọ́pò oògùn rẹ̀.

Kí ni a fi rẹ ẹ́?

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ jù nìyí, nítorí pé lọ́wọ́ yín ló wà. Mo bá ọ̀gbẹ́ni awakọ̀ kan pàdé tí tíráíglísẹ́ráìdì rẹ̀ kọ̀ tí kò wálẹ̀. Ó ń lo egbò ọ̀rá, ó sì ń lò ó déédéé, àárọ̀ àti alẹ́. Mo ní kó gbé ìgò náà wá. Mo ṣí i, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn: ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò náà láti orí dé ìsàlẹ̀. Ọtí sì wà lára ohun tó ń gbé tíráíglísẹ́ráìdì ga jù lọ láyé! Ohun tí egbò bá gbìyànjú láti mú wálẹ̀, omi tí a fi rẹ ẹ́ á gbé e padà sókè. Bákan náà ni zóbò. Ìṣápá kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, ó tiẹ̀ ń ran ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá da ìdajì mọ́dà ṣúgà sí kẹ́ẹ̀gì kan, kí la tún fi ń ṣe oògùn? Ẹ fi omi rẹ ẹ́. Ẹ fi omi sè é. Bí ó bá jẹ́ pé ọtí ni oníbàárà ń wá, kó lọ sí gáréèjì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e kò gùn. Ẹni tó ń lo oògùn tí ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú warfarin, kó má gbé ààyù tó pọ̀ lé e, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láì dúró. Ẹni tó ń lo simvastatin, kó yẹra fún ọsàn girépù, torí pé ó ń mú kí oògùn náà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń lo statin, kó má fi ìrẹsì pupa oníèbu ti àwọn ará Ṣáínà yẹn kún un, nítorí pé oògùn kan náà ló ń lò lẹ́ẹ̀mejì. Aboyún, kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ títí dókítà rẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹni tí àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí, kó má ṣe torí ewé kankan dá oògùn dókítà dúró, kódà bí èmi ni mo ta ewé náà fún un.

Ẹ tún máa ka ara ìgò. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ ń sọ pé wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Gbólóhùn mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kékeré, tó ní àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka nọ́ńbà, wọn kò ka gbólóhùn.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin ìyá wa nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sídìí igbá yín tó ní òun ń wá nǹkan ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé láàbù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ sọ fún un pé kó lọ ṣe é kó tó náwó. Bí ó bá ní, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé ka nọ́ńbà àti òṣùwọ̀n rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú déètì, kí ẹ kọ ewé tí ẹ fún un àti ohun tí ó fi rẹ ẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó padà sí láàbù kan náà, kó má ṣe yí oúnjẹ padà lójijì lọ́sẹ̀ àyẹ̀wò. Bí nọ́ńbà bá wálẹ̀, ẹ ní ohun tí ẹ lè fi han dókítà, dókítà kò sì lè fi yín ṣẹ̀sín. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ sọ fún un, kí ẹ sì ní kó lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo ti rí ọwọ́ méjì mẹ́ta tó wà lókè. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin tó dúró lápá ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí màmá tó wé gèlè aláwọ̀ ewé yẹn kọ́kọ́ béèrè tiwọn. Ẹ ṣeun púpọ̀.